Ojú àfòpiná lára páànẹ́ẹ̀lì sólà

Ojú àfòpiná ni wọ́n ń pe irú ara kan tí wọ́n ń ṣe sórí gíláàsì tàbí sílíkọ́ọ̀nù, ohun tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná nínú páànẹ́ẹ̀lì, kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn má baà ta padà. Ara ẹyinjú àfòpiná, kòkòrò tó ń fò lóru, ni wọ́n ti rí i kọ́. Ìmọ́lẹ̀ òru kéré, àfòpiná kò gbọdọ̀ fi bíńtín ṣòfò níbẹ̀; ojú tó bá sì ń dán yóò fi í han ẹni tó fẹ́ pa á jẹ.

Ojú yìí kò dán bí gíláàsì. Kókó ṣóńṣó-ṣóńṣó ló bò ó, èyí tí gíga rẹ̀ àti àlàfo àárín rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 200 nánómítà. Irun orí kan fẹ̀ tó nǹkan bí 80,000 nánómítà, nítorí náà 400 irú kókó bẹ́ẹ̀ lè tò sí ìbú rẹ̀. C. G. Bernhard ará Sweden ló ṣàlàyé rẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1969. Ní 1973, P. B. Clapham àti M. C. Hutley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ènìyàn náà lè ṣe é.

Ibi tí ìrìn ìmọ́lẹ̀ bá ti yí padà lójijì ló ti ń ta padà. Bí a bá pe ìwọ̀n ìdílọ́wọ́ rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ní 1, ti gíláàsì jẹ́ 1.5, ti sílíkọ́ọ̀nù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4. Ojú gíláàsì kan ń dá nǹkan bí 4% padà. Sílíkọ́ọ̀nù dídán tí a kò fi nǹkan kan bò ń dá ju 30% lọ. Ṣùgbọ́n lórí kókó ṣóńṣó, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ lókè, ohun líle ló pọ̀ nísàlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ a máa wọlé bí ẹni tó ń ti bèbè wọ odò díẹ̀díẹ̀. Bí àlàfo kókó bá fẹ̀ jù, ìmọ́lẹ̀ á fọ́n ká. Bí kókó bá kúrú jù, ìmọ́lẹ̀ pupa àti èyí tí ojú wa kò rí, tí sílíkọ́ọ̀nù ń lò títí dé nǹkan bí 1,100 nánómítà, á ṣì máa ta padà.

Ọ̀nà olówó pọ́ọ́kú ti wà tẹ́lẹ̀: wọ́n á fi kẹ́míkà fín sílíkọ́ọ̀nù kó yọ òkè kéékèèké, wọ́n á fi silicon nitride (àdàpọ̀ sílíkọ́ọ̀nù àti náítírójìn) tó nípọn tó nǹkan bí 75 nánómítà bò ó. Òun ló ń fún un ní àwọ̀ búlúù. Èyí ni ojú àfòpiná gbọ́dọ̀ borí, kò sì rọrùn.

Sílíkọ́ọ̀nù dúdú ni wọ́n ń pe sílíkọ́ọ̀nù tí wọ́n ṣe irú ojú yìí sí lára. Láti ṣe é, wọ́n ń da gáàsì SF6, tó ní fúlórínì nínú, àti ọ́síjìn pọ̀ nínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, wọ́n á sì fi iná mànàmáná ru wọ́n sókè. Fúlórínì ń jẹ sílíkọ́ọ̀nù, ọ́síjìn ń dáàbò bo ẹ̀gbẹ́ ihò, ohun tó kù a sì ṣe ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, dúdú kirikiri. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bí ara bá ti fẹ̀ tó ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn ohun bíńtín tó ń gbé iná, ń há sí i tó, tí agbára wọn sì ń di ooru lásán. Ìdí nìyẹn tí àwọn ti àkọ́kọ́ fi gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa ṣùgbọ́n tí iná wọn kò tó nǹkan. Ní 2015, Yunifásítì Aalto ní Finland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Barcelona fi alumina (àdàpọ̀ alumíníọ́mù àti ọ́síjìn) tín-ín-rín bo abẹ́rẹ́ wọ̀nyí, wọ́n kó gbogbo ojú iná, ibi tí iná ti ń jáde, sẹ́yìn, wọ́n sì sọ 22.1% nínú agbára ìmọ́lẹ̀ oòrùn di iná. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ni àǹfààní rẹ̀ hàn jù.

Lórí gíláàsì, àkísà gbígbẹ ni ọ̀tá rẹ̀. Eruku ọyẹ́ ní iyanrìn nínú; bí a bá fi àkísà fà á, orí kókó á kán. Òróró ìka ọwọ́ náà ń dí àlàfo, ojú ibẹ̀ á tún máa dán. Omi púpọ̀ àti fóòmù rírọ̀ ló yẹ ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé yóò fọ ara rẹ̀ bí ewé kókò: ìda wà lára ewé yẹn, tó ń jẹ́ kí omi yí bírí kúrò pẹ̀lú eruku. Gíláàsì fẹ́ràn omi, kókó sì ń mú kó fẹ́ràn rẹ̀ sí i, àfi bí wọ́n bá fi ohun tó ń lé omi kùn ún.