Draft NBA nínú ìtàn ẹgbẹ́ Milwaukee Bucks

Milwaukee Bucks jẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní ìlú Milwaukee, ìpínlẹ̀ Wisconsin, orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọdún 1968 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì ti gba ife-ẹ̀yẹ NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, lẹ́ẹ̀mejì, ní 1971 àti 2021. Inú draft ni wọ́n ti rí ẹni tí wọ́n fi gba ife méjèèjì: Lew Alcindor, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Kareem Abdul-Jabbar, ní 1969, àti Giannis Antetokounmpo ní 2013. Láàárín àwọn méjèèjì, wọ́n mú ọ̀pọ̀ ọmọ tó wúlò, wọ́n mú àwọn tí kò ta pútú, ẹnì kan sì wà tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ tán tí wọ́n tún fi lé ẹgbẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan náà.

Draft ni ètò tí àwọn ẹgbẹ́ NBA fi ń mú àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ láti yunifásítì tàbí láti òkè òkun, lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́dọọdún. Ẹgbẹ́ tó bá mú ọmọ kan ló ni ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ nínú líìgì náà, àfi tó bá yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ ọ̀hún tàbí tó bá fi ṣe pàṣípààrọ̀. Àwọn tí kò ṣe dáadáa ní sáà tó kọjá ló máa ń kọ́kọ́ mú, kí àwọn alágbára má baà máa dá jẹ gbogbo ọ̀rá ẹran. Láti 1985 ni wọ́n ti ń ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tí yóò ṣíwájú. Ṣáájú ìgbà náà, ẹgbẹ́ tó kẹ́yìn ní ẹkùn Ìlà-Oòrùn àti èyí tó kẹ́yìn ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n ń ju owó ẹyọ sókè fún.

Owó ẹyọ ti ọdún 1969

Ní sáà àkọ́kọ́ wọn, Bucks borí nínú eré 27, wọ́n sì pàdánù 55. Phoenix Suns, tí wọ́n jọ wọ líìgì lọ́dún kan náà, borí nínú 16 péré. Alcindor ni gbogbo ojú ń wò. Ó ti bá yunifásítì UCLA gba ife-ẹ̀yẹ ọdún mẹ́ta léraléra, kò sì sí ẹgbẹ́ tí kò mọ̀ pé ẹni tó bá rí i mú ti rí ọ̀nà àbùjá.

Ní March 19, 1969, Walter Kennedy, kọmíṣọ́nnà NBA, ju owó ẹyọ kan sókè ní New York, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ méjèèjì sì ń gbọ́ lórí tẹlifóònù. Suns ló ni àǹfààní láti pè é. Wọ́n ti bi àwọn olólùfẹ́ wọn léèrè ṣáájú, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì ní kí wọ́n pe orí. Wọ́n pe orí. Ẹ̀yìn owó ló hàn.

Suns mú Neal Walk sí ipò kejì. Ní Milwaukee, eré 27 di 56 láàárín sáà kan. Nígbà tí wọ́n fi pàṣípààrọ̀ gba Oscar Robertson ní 1970, wọ́n borí nínú 66 nínú eré 82, wọ́n sì na Baltimore Bullets ní mẹ́rin sí òdo nínú àṣekágbá. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sábà rántí nípa draft 1969 ni pé inú rẹ̀ náà ni Bucks ti mú Bob Dandridge ti Norfolk State. Ìpele kẹrin ni wọ́n ti mú un, ẹni karùndínláàádọ́ta ni, òun náà sì wà lára ẹgbẹ́ tó gba ife.

Nígbà tí Kareem wà ní Milwaukee, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ. Ní 1975, ó ní òun fẹ́ lọ, wọ́n sì fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Los Angeles Lakers. Méjì nínú àwọn mẹ́rin tí Bucks gbà dípò rẹ̀, Dave Meyers àti Junior Bridgeman, ni Lakers ṣẹ̀ṣẹ̀ mú nínú draft ọdún náà.

Ní 1972, Bucks ti mú Julius Erving sí ipò kejìlá. Ṣùgbọ́n Erving ti ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ABA, líìgì tó ń bá NBA díje nígbà náà, kò sì wọ aṣọ Bucks rí. Kareem àti Erving lórí pápá kan náà, nínú ẹgbẹ́ kan náà: ó dunni pé ìwé lásán ló mọ.

Láti 1977 dé 1979

Lẹ́yìn tí Kareem lọ, ẹgbẹ́ náà rẹ̀yìn, ìrẹ̀yìn yìí ló sì fún wọn ní ipò kìn-ín-ní ní 1977. Kent Benson láti yunifásítì Indiana ni wọ́n fi mú. Kareem, ẹni tó wà níbi tí Benson fẹ́ dúró sí tẹ́lẹ̀, ni Benson pàdé nínú eré àkọ́kọ́ rẹ̀ ní NBA. Ó fi ìgúnpá gún un níkùn. Kareem yí padà, ó gbá a ní ẹ̀ṣẹ́ lójú, ó sì fi ẹ̀ṣẹ́ náà kán egungun ọwọ́ ara rẹ̀. Ní 1980, Bucks fi Benson gba Bob Lanier lọ́wọ́ Detroit Pistons.

Ẹni tó pẹ́ lọ́kàn àwọn ará Milwaukee láti inú draft 1977 ni Marques Johnson, tí wọ́n mú sí ipò kẹta. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n mú Sidney Moncrief láti Arkansas sí ipò karùn-ún. Moncrief ni ẹni àkọ́kọ́ tí NBA fún ní àmì-ẹ̀yẹ olùdènà tó dára jù lọ, ní 1983, ó sì tún gbà á lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọdún méje léraléra, láti 1980 dé 1986, ni Bucks fi ṣe ipò kìn-ín-ní ní ìsọ̀rí wọn (division), èyí tó kéré sí ẹkùn.

Dirk Nowitzki, ọmọ Bucks fún wákàtí díẹ̀

Nínú ìwé àkọsílẹ̀ NBA, Bucks ló mú Dirk Nowitzki, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, sí ipò kẹsàn-án ní 1998. Wọ́n tún mú Pat Garrity sí ipò kọkàndínlógún. Àwọn méjèèjì ni wọ́n fi gba Robert Traylor ti yunifásítì Michigan, tí Dallas Mavericks ti mú sí ipò kẹfà. Ọdún méjì ni Traylor lò ní Milwaukee. Nowitzki lo sáà 21 ní Dallas, ó gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní 2007, ó sì gba ife fún wọn ní 2011.

Kò yẹ kí a sọ pé Bucks mọ wúrà, wọ́n sì jù ú nù. Ẹgbẹ́ méjèèjì ti jọ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Dallas ló fẹ́ Nowitzki, ọwọ́ Bucks ni wọ́n fi mú un. Àṣìṣe Milwaukee ni pé Traylor ni wọ́n fẹ́.

Irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ṣe wọ́n lóore ní ọdún méjì ṣáájú. Ní 1996, wọ́n mú Stephon Marbury sí ipò kẹrin, wọ́n sì fún Minnesota Timberwolves láti gba Ray Allen, ẹni karùn-ún. Allen àti Glenn Robinson, tí wọ́n mú sí ipò kìn-ín-ní ní 1994, ló gbé ẹgbẹ́ náà dé àṣekágbá ẹkùn Ìlà-Oòrùn ní 2001. Michael Redd, ẹni kẹtàlélógójì nínú draft 2000, jẹ àmì 57 nínú eré kan ní 2006. Andrew Bogut, ọmọ Ọsirélíà, ni wọ́n fi ipò kìn-ín-ní mú ní 2005.

Ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún

Ní June 27, 2013, ní Brooklyn, ó kan Bucks láti mú ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n mú ọmọ ọdún 18 kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Filathlitikos, ẹgbẹ́ tó wà ní ìpele kejì líìgì ilẹ̀ Gíríìsì. Charles, bàbá rẹ̀, jẹ́ Yorùbá. Veronica, ìyá rẹ̀, jẹ́ Igbo. Èkó ni wọ́n ti ṣí lọ sí Gíríìsì ní 1991. Áténì ni wọ́n bí Giannis sí, òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ sì máa ń kiri ọjà ní òpópónà kí oúnjẹ lè dé ilé. Oṣù May ọdún 2013 gan-an ni Gíríìsì ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní ìwé ọmọ onílùú.

Orúkọ tí wọ́n pè lálẹ́ ọjọ́ náà ni Adétòkunbọ̀. Lẹ́tà àwọn Gíríìkì kò ní ẹyọ kan tó dúró fún ìró d tàbí ìró b lónìí. Wọ́n máa ń so n mọ́ t láti pe d, wọ́n ń so m mọ́ p láti pe b, wọ́n sì ń kọ u ní ou. Nígbà tí wọ́n wá ń dá orúkọ náà padà sí irú lẹ́tà tí àwa ń kọ, lẹ́tà ni wọ́n tẹ̀ lé, wọn kò tẹ̀ lé ìró. Bí Adetokunbo ṣe di Antetokounmpo nìyẹn. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á ṣì rí adé tó ti òkun bọ̀ nínú rẹ̀.

Sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ burú fún ẹgbẹ́ náà: 15 ni wọ́n borí nínú eré 82. Èyí ló fún wọn ní Jabari Parker sí ipò kejì ní 2014, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni iṣan orúnkún kan náà já fún Parker. Giannis ló wá dàgbà sí ohun tí wọ́n rò pé Parker yóò jẹ́. Òun ni agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní 2019 àti 2020.

Malcolm Brogdon ni a kò gbọ́dọ̀ fò. Ẹni kẹrìndínlógójì ni nínú draft 2016, síbẹ̀ ó borí gbogbo àwọn tí wọ́n mú ṣáájú rẹ̀, ó gba àmì-ẹ̀yẹ ọ̀dọ́ tó dára jù lọ. Nígbà tó ń lọ sí Indiana Pacers ní 2019, Bucks gba ààyè ìpele kìn-ín-ní kan, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti mú ọmọ kan nínú ìpele kìn-ín-ní draft, lọ́wọ́ Indiana. Ààyè yẹn wà lára ohun tí wọ́n kó fún New Orleans Pelicans ní 2020 láti gba Jrue Holiday. Wọ́n tún fi ààyè tiwọn ti 2025 àti 2027 kún un.

Nínú ẹgbẹ́ tó gba ife 2021, àwọn tí Bucks fúnra wọn mú kò pọ̀: Giannis, Donte DiVincenzo tí wọ́n mú ní 2018, tó ti farapa kí àṣekágbá tó dé, àti Jordan Nwora, ẹni karùndínláàádọ́ta ní 2020, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà. Ní July 20, 2021, nínú eré kẹfà àṣekágbá, Giannis jẹ àmì 50, Bucks sì borí ní 105 sí 98. Phoenix Suns ni wọ́n nà.