Cocoa yàtọ̀ sí coca: lẹ́tà kan, igi méjì

Bàbá kan láti Ìdànrè wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ ìwé ní Àkúrẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bébà kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin wà lọ́wọ́ wọn. Ẹnì kan lókè òkun fẹ́ ra kòkó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wọn, ọmọ wọn sì ti bá wọn kọ lẹ́tà. Kí n tẹ̀ ẹ́ kó mọ́ ni wọ́n wá fún. Mo kà á dé ìlà kẹta, mo bá "dried coca beans" níbẹ̀. Mo fi báírò yí i po, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kòkó o." Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí wá ni?"

Orí ìdúró ni mo ti dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà, àwọn oníbàárà sì pọ̀ lẹ́yìn wọn. Ọ̀rọ̀ náà tó ohun tí à ń jókòó sọ.

Cocoa, c-o-c-o-a, ni kòkó wa, èyí tí gbogbo ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ̀. Coca, c-o-c-a, ni igi kékeré kan tó ń hù lórí àwọn òkè Gúúsù Amẹ́ríkà, ní Peru, Bolivia àti Colombia. Ewé rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ kokéènì. "O" kan ṣoṣo ló wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ẹni tó bá gbójú lé kọ̀ǹpútà pé yóò bá òun mú àṣìṣe náà, kò ní rí i mú, nítorí coca náà jẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó péye. Kò ní fa ìlà pupa kankan sábẹ́ rẹ̀.

Etí lè ràn wá lọ́wọ́. Bí Òyìnbó bá ń pe cocoa, "a" ìparí yẹn kì í dún rárá. "Kó-kò" ni ẹ máa gbọ́. Ti coca, "kó-kà" ni, "a" rẹ̀ ń dún. Èyí tí ẹ rí "a" lójú ìwé tí ẹ kò gbọ́ ọ lẹ́nu, òun ni tiwa. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ló ti ń ṣì wá lọ́nà, torí nínú Yorùbá, gbogbo fáwẹ̀lì tí a bá kọ la máa ń pè. Àwa ò jẹ́ fi lẹ́tà sílẹ̀ lásán.

Ọ̀rọ̀ tó jọra kò kúkú ṣàjèjì sí wa. Kòkó la ń sá sójú oòrùn, kókò la ń sè jẹ, kókó ni ti ara igi tàbí ti ọ̀rọ̀, kòkò la sì ń gbé ka iná. Kò sí ọmọ Oǹdó tí wọ́n máa rán ní kókò tó máa gbé kòkó wálé. Ohùn là ń fi yà wọ́n sọ́tọ̀, lẹ́tà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò.

Bàbá wá rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n bi mí ní ìbéèrè tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àgbàlagbà tó ju ẹyọ kan lọ: "Ṣé kì í wá ṣe pé inú kòkó tí à ń gbìn yìí ni wọ́n ti ń yọ kokéènì tí rédíò ń pariwo?" Rárá o. Kò sí kokéènì nínú kòkó, kò tíì sí níbẹ̀ rí. Ohun tó ń lani lójú díẹ̀ nínú kòkó ni èyí tí wọ́n ń pè ní theobromine, àti kaféènì díẹ̀, irú èyí tó wà nínú obì. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí orúkọ tó jọra máa fi ojú ẹlẹ́bi wo oko bàbá rẹ̀.

Bí a bá tilẹ̀ gbé igi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kò jọ. Ara ìtì igi gan-an ni kòkó ti máa ń so, èso ńlá tí a ń là, tí hóró bí ọgbọ̀n sí ogójì máa wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹran funfun tó ń dùn lẹ́nu. Àwa tó dàgbà lóko mọ òórùn rẹ̀ bí a bá ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, kíkan bí ọtí, tó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ti coca, ewé ni wọ́n ń já. Èso rẹ̀ pupa, ó kéré, hóró kan ló wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ta "coca beans" níbikíbi. Àwọn ará òkè Andes ti ń jẹ ewé náà lẹ́nu láti ayébáyé kí ó lè lé àárẹ̀ àti ebi, bí awakọ̀ tiwa ṣe ń jẹ obì lójú ọ̀nà jíjìn. Ará Jámánì kan, Albert Niemann, ló yọ kokéènì jáde lára ewé náà nǹkan bí ọdún 1860. Ní 1884, Karl Koller fi hàn ní Vienna pé ó lè pa ojú kú fún iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀yìn náà ni ayé wá rí ibi tó wà nínú rẹ̀.

Orúkọ wọn náà kò ti ibì kan náà wá. Coca jáde láti inú èdè Quechua ti àwọn ará òkè náà, tí wọ́n ń pè é ní kuka. Cocoa bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu àwọn Aztec ní Mẹ́síkò, àwọn ará Sípéènì sọ ọ́ di cacao, Gẹ̀ẹ́sì wá dà á rú mọ́ coco, ìyẹn àgbọn. Kódà nínú ìwé atúmọ̀ èdè tí Samuel Johnson gbé jáde ní 1755, àlàyé àgbọn àti ti kòkó wọ inú ara wọn lábẹ́ orí ọ̀rọ̀ kan. Bí Òyìnbó fúnra rẹ̀ bá ṣì í, ọmọ Bàbá kò jẹ̀bi púpọ̀.

Ìbátan kòkó gan-an wà nítòsí wa. Lójú àwọn onímọ̀ ewéko, ìdílé kan náà ni kòkó, obì, ilá àti òwú. Coca kò sí nínú wọn.

Fún àwọn tó ń kọ ìwé ọjà: nọ́ńbà tí àwọn aṣọ́bodè káàkiri ayé fi mọ hóró kòkó ni 1801. Ti ewé coca ni 1211.30, ó sì wà lára ohun tí àdéhùn àgbáyé ọdún 1961 lórí oògùn olóró dè mọ́lẹ̀. Ẹ kọ 1801 sẹ́gbẹ̀ẹ́ "cocoa beans", kí òǹkàwé má baà ṣiyèméjì.

Mo tẹ lẹ́tà Bàbá tán, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n fi ìka lé "o" kejì, wọ́n sì fi í síbẹ̀ pẹ́. Wọ́n ní kí n tẹ ẹ̀dà kan sí i, pé ọmọ wọn ni wọ́n ń mú un lọ fún.