Kọ́míìkì àtijọ́ tó wà nílé: ta la máa gbé e fún kó fún un ní máàkì?

Àbúrò wa kan ní Mọ́kọ́lá rí páálí kan nínú yàrá tí bàbá ẹ̀ ń kó ìwé sí, kọ́míìkì ló kún inú ẹ̀: Powerman díẹ̀, Ikebe Super rẹpẹtẹ, àti ti Marvel mélòó kan tí wọ́n kó bọ̀ láti London láyé ọjọ́un. Ó ti gbọ́ pé àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà tó máa ń fún kọ́míìkì ní máàkì kí wọ́n tó tì í mọ́nú ike, owó ẹ̀ á sì fò sókè. Látìgbà yẹn ló ti ń da ìbéèrè bò mí, mo ní kí n kúkú kó gbogbo ẹ̀ síbí torí òun nìkan kọ́ ló ń bèèrè.

Ẹ̀gbọ́n, ìwé téèyàn ò lè ṣí kà mọ́, kí ló ń sọ ọ́ di olówó ńlá?

Ẹni tó fẹ́ rà á ò mọ̀ ẹ́ rí ni. Ó wà ní Texas, ìwọ wà ní Mọ́kọ́lá, o ní ìwé ẹ "dà bí tuntun", kí ni kó fi gbà ẹ́ gbọ́? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ẹni kẹta tí kì í ṣe olùtà tí kì í ṣe olùrà, kó ka ojú ìwé ẹ̀ bóyá ó pé, kó wo igun ẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀, píìnì àárín ẹ̀ bóyá ó ti dógùn-ún, bóyá bébà ẹ̀ ṣì funfun àbí ó ti pọ́n tó ń rún, bóyá ẹnì kan ti gé etí ẹ̀ tàbí fi kálà bo ibi tó ti bó. Wọ́n á wá fún un ní máàkì láti 0.5 dé 10.0, wọ́n á tì í mọ́nú ike líle, lébẹ́ẹ̀lì àti nọ́ḿbà á wà lókè ẹ̀. Ike yẹn ni wọ́n ń pè ní slab. Tó o bá fọ́ ọ láti ka ìwé inú ẹ̀, máàkì yẹn ti lọ nìyẹn.

Action Comics àkọ́kọ́, ìyẹn kọ́míìkì tí Superman ti kọ́kọ́ jáde, tí wọ́n tà ní sẹ́ǹtì 10 lọ́dún 1938, èyí tó gba 8.5 ni wọ́n tà ní mílíọ̀nù 6 dọ́là lọ́dún 2024. Má jẹ́ kó wọ̀ ẹ́ lójú o, irú ẹ̀ ò sí nínú páálí ẹ.

Ilé-iṣẹ́ wo wá ni kí n mú?

CGC lorúkọ ẹ̀ pọ̀ jù, ọdún 2000 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, Sarasota ní Florida ni wọ́n wà. CBCS tẹ̀lé e, Steve Borock tó wà níbẹ̀rẹ̀ CGC ló lọ dá a sílẹ̀ lọ́dún 2014, ilé-iṣẹ́ Beckett sì rà á lọ́dún 2018. PGX náà wà ní Oregon, àmọ́ àwọn tó ń ra nǹkan olówó ńlá kì í fi bẹ́ẹ̀ ka máàkì tiwọn sí, mi ò sì ní ní kó o lọ síbẹ̀.

Tèmi ni pé, má bèèrè ta ló mọ iṣẹ́ jù, bèèrè ta lẹni tó máa ra ìwé yìí lọ́wọ́ ẹ gbà gbọ́. Tó bá jẹ́ títà lo fẹ́ tà á, CGC, torí òun ni owó ẹ̀ máa ń dúró jù lọ́jà. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó ya ìwé náà ti buwọ́ lù ú, tí kò sí ẹlẹ́rìí kankan lọ́jọ́ náà, lo CBCS, wọ́n ní ètò tí wọ́n fi ń yẹ irú ìbuwọ́lù bẹ́ẹ̀ wò. Lébẹ́ẹ̀lì yẹ́lò ti CGC, ẹlẹ́rìí tiwọn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí ẹni náà ń buwọ́ lù ú, ta ló fẹ́ wá ẹlẹ́rìí fún nǹkan tó ti ṣẹlẹ̀ ní London láyé bàbá ẹ.

Ṣé kò sí jìbìtì níbẹ̀?

Ó wà! Ní ìparí 2023 ni àṣírí kan tú. CGC máa ń gba slab tó ti sán tàbí tó ti ha padà láti fi ike tuntun pààrọ̀ ẹ̀, ṣé o rí i, ibẹ̀ lẹnì kan gbà wọlé: ó yọ ìwé tó dáa kúrò, ó fi èyí tí ò tó bẹ́ẹ̀ sípò ẹ̀, ó rán an lọ, wọ́n sì dá a padà fún un nínú ike tuntun pẹ̀lú máàkì gíga ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di January 2024, CGC gbé nọ́ḿbà àwọn tí wọ́n fura sí jáde, ó pọ̀ díẹ̀ o. Torí náà tó bá jẹ́ slab lo fẹ́ rà, yẹ nọ́ḿbà ẹ̀ wò lórí wẹ́ẹ́bù wọn, wá fọ́tò ìgbà tí wọ́n ti tà á rí, kó o fi wé èyí tó wà níwájú ẹ, torí ìwé tó ti kán nígun ò lè ṣàdédé jinná.

Powerman àti Ikebe Super ńkọ́?

Níbí ló ti dùn. Powerman, Nàìjíríà ni wọ́n dìídì ṣe é fún ní 1975, àmọ́ òyìnbó ló yà á, Dave Gibbons àti Brian Bolland, kí wọ́n tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Gibbons yìí ló wá ya Watchmen, kọ́míìkì olókìkí, lẹ́yìn náà, ìyẹn ló jẹ́ káwọn tó ń kó iṣẹ́ wọn jọ lókè òkun máa wá a. Ṣé o mọ bí àwa náà ṣe lò ó: a kà á, a yá ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ yá ọ̀rẹ́, èyí tó kù di bébà tí wọ́n fi ń wé àkàrà. Powerman tó bá ṣì ní bébà ẹ̀yìn, tí ò ya, èmi á rán an lọ.

Ikebe Super ti Wale Adenuga, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1976, ilé ni kó o fi sí. Ilẹ̀ yìí làwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ wà, wọ́n fẹ́ ṣí i kí wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi ò sì tíì rí ẹni tó ń bèèrè slab ẹ̀.

Èló ni?

Ọjọ́ orí ìwé àti iye tó tó ni wọ́n ń wò, àwọn tó jáde láti 1975 títí di òní ló wà lọ́wọ̀ọ́ tó rọjú jù ní CGC. Ibi tó ti ń dunni ni owó gbígbé e lọ àti gbígbé e bọ̀, ìnṣọ́ránsì, kọ́sítọ́ọ̀mù, àti dọ́là tá a fi ń san gbogbo ẹ̀. Lójú tèmi, ìwé tí ò lè tó igba dọ́là lẹ́yìn tó bá gba máàkì, má rán an. Wo iye tí wọ́n ti tà á lórí eBay, kì í ṣe iye tí wọ́n ń pè é, torí ẹnu lásán nìyẹn. Tó o bá ní ẹbí ní London tàbí Amẹ́ríkà tó ń bọ̀ wálé, fún un kó gbé e dání, owó ẹ̀ á dín dáadáa.

Kí ni mo lè ṣe sí i nísinsìnyí?

Kékeré báyìí: gbé páálí yẹn kúrò nílẹ̀, torí ikán, kó o sì gbé e jìnnà sí ògiri tó ń rin lásìkò òjò. Má fi sẹ́lótéèpù lẹ ohunkóhun, máàkì ẹ̀ á dín kù. Má gé etí ẹ̀, má sì fi kálà kan nǹkan, torí tí wọ́n bá rí i, lébẹ́ẹ̀lì elésè àlùkò, èyí tó ń sọ pé wọ́n ti tún ìwé náà ṣe, ni wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ọn, owó ẹ̀ á já wálẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń fi ooru àti omi díẹ̀ tẹ ìwé tó bá ti ká, CGC ò sì kà á sí àtúnṣe, àmọ́ áyọ́ọ̀nù ilé yín kọ́ ni wọ́n ń lò o, jọ̀ọ́. Àwọn Marvel yẹn àti Powerman, ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti píìnì àárín wọn, kó o fi ránṣẹ́ sí mi kó o tó san kọ́bọ̀ fẹ́nikẹ́ni.