Iṣẹ́ wo ni àlùfáà ń ṣe láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù?

Lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ní pápá ìṣeré Adámásingbà, n'Ìbàdàn, mo dárúkọ Reverend John Boyers fún àwọn àbúrò mi kan tí a jọ ń wo bọ́ọ̀lù. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wọn. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí nìyí.

Ẹ̀gbọ́n, ta ni ọkùnrin yìí?

Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni, ìjọ Onítẹ̀bọmi, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1977 ló di àlùfáà fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Watford, nígbà tí Graham Taylor ń kọ́ wọn, tí Elton John olórin sì jẹ́ alága wọn. Lọ́dún 1991 ó dá àjọ kan sílẹ̀, SCORE, kí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn náà lè ní àlùfáà tó mọ iṣẹ́. Àjọ yẹn ló di Sports Chaplaincy UK. Lọ́dún 1992, ó gba Manchester United lọ. Àwọn kan ti ń ṣe irú rẹ̀ ṣáájú, pàápàá ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n òun wà lára àwọn tó sọ ọ́ di iṣẹ́ tó ní ìlànà.

Kí ló kan ṣọ́ọ̀ṣì nínú bọ́ọ̀lù?

Ó ti pẹ́ tó ti kàn án. Inú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Everton ti jáde lọ́dún 1878.

Ṣé àdúrà kí wọ́n lè borí ló ń gbà?

Rárá o. Ibí yìí ló ti ń rú ọ̀pọ̀ wa lójú. Bí a bá rí ẹni tó mú ìgò òróró dání lẹ́bàá pápá, gọ́ọ̀lù ló ń wá sí wa lọ́kàn. Àlùfáà ẹgbẹ́ kì í ṣe oògùn bọ́ọ̀lù. Bí ẹgbẹ́ méjèèjì bá ní àlùfáà ńkọ́? Èèyàn ló wá fún: ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, èyí tí ìyá rẹ̀ kú lókè òkun, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé wọn ò ní lò ó mọ́, àti ẹni tó ń fọ jẹ́sí wọn.

Àwọn Mùsùlùmí inú ẹgbẹ́ ńkọ́?

Tiwọn náà ni. Ìlànà iṣẹ́ náà ni pé bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtọ́jú, àlùfáà ni yóò wá ọ rí. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, yóò dúró títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi bi í. Ohun tí o bá sì bá a sọ kò gbọ́dọ̀ dé etí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Èmi fẹ́ràn èyí gan-an, torí agbábọ́ọ̀lù kò lè sọ ẹ̀rù tó ń bà á fún ẹni tó máa yan àwọn mọ́kànlá. Àlùfáà kì í yan ẹnikẹ́ni.

Ṣé ẹnì kan ti jàǹfààní rẹ̀?

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2012, Fabrice Muamba ti Bolton ṣubú lórí pápá White Hart Lane, ọkàn rẹ̀ dúró fún ìṣẹ́jú 78. Àwọn dókítà dù ú títí ó fi yè. Phil Mason, àlùfáà Bolton, wà pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ ní ọsibítù.

Ìbàdàn wa ńkọ́?

Ìlú tó mọ bọ́ọ̀lù ni. Shooting Stars, ẹgbẹ́ ìlú wa, ló kọ́kọ́ gba ife àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà wá sí Nàìjíríà, lọ́dún 1976. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọmọ aládùúgbò mi kan wà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kékeré kan. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, bàtà àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kún ẹnu ọ̀nà. Pásítọ̀ wọn wá lẹ́ẹ̀kan, ó gbàdúrà pé kó tètè padà sórí pápá, ó lọ. Ẹni tó máa padà wá lọ́sẹ̀ kẹta ni mò ń sọ.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ kẹta yẹn, orí ẹní ló wà. Búùtù rẹ̀ rọ̀ sára ìṣó, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn. Ó ní, "Bùọ̀dá, ṣé wọ́n ṣì ń dárúkọ mi níbẹ̀?" Mi ò lè parọ́ fún un. Mo fa àga, mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú.