Láti Ẹ̀yìn Fọ́tò Dé Inú Fóònù: Ibi Tí EXIF Ti Wá

Ẹ gbé álíbọ́ọ̀mù àtijọ́ ilé yín sílẹ̀, ẹ yọ fọ́tò kan níbẹ̀ kẹ́ ẹ yí i sẹ́yìn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ẹ ó rí sítáǹpù sítúdíò tó yà á, orúkọ ìlú, àdúgbò pàápàá nígbà míì, bírò á sì ti kọ ọ́ síbẹ̀, "Ìkómọ, 1978", ó tán. Kò sẹ́ni tó ka ìyẹn sí àṣírí tó ń tú, torí ẹni tó mú fọ́tò yẹn lọ́wọ́ nìkan ló lè kà á, àlejò ilé yín sì ni. Gbogbo mẹtadétà inú fọ́tò tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá yìí, ìyẹn àlàyé tí kámẹ́rà ń kọ sínú fáìlì fọ́tò, bí ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yà á, tí EXIF jẹ́ ìlànà bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn fọ́tò yẹn náà ni, ó kàn kó wọ inú ni, ojú ò rí i mọ́, fọ́tò sì ti wá ń rìn jìnnà ju pálọ̀ lọ. Àwọn tó ń sọ pé torí kí wọ́n lè máa ṣọ́ wa ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, rárá o, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí òyìnbó náà ti ń wá bí wọ́n ṣe máa kọ nǹkan sára fọ́tò. Ní 1914 iléeṣẹ́ Kodak gbé kámẹ́rà kan jáde tó ń jẹ́ Autographic, ilẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́yìn ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ya fọ́tò tán ẹ ó ṣí i, ẹ ó fi irin ṣóńṣó kan kọ déètì tàbí orúkọ ibi tẹ́ ẹ wà, ẹ ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí i díẹ̀, tí wọ́n bá wá fọ fíìmù yẹn ohun tẹ́ ẹ kọ á jáde létí fọ́tò. Henry Gaisman ló ronú ẹ̀, George Eastman tó dá Kodak sílẹ̀ sì san 300,000 dọ́là fún un kó lè di tiwọn, owó 1914 o! Ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ láàrín àwọn ọdún 1930. Nígbà tó yá ni kámẹ́rà tó ń tẹ déètì aláwọ̀ ọsàn sí igun fọ́tò dé, àwọn tó ṣègbéyàwó láàrín ọdún 1990 sí 1999 mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n sì mọ̀ pé irọ́ ni déètì yẹn ń pa lọ́pọ̀ ìgbà, torí bátìrì ti kú nígbà kan, kò sẹ́ni tó rántí tún aago inú ẹ̀ tò.

Àwọn oníwèé ìròyìn náà ní tiwọn, IPTC lórúkọ ẹgbẹ́ wọn, 1965 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ní 1991 wọ́n ṣe ìlànà kan kí orúkọ ẹni tó ya fọ́tò àti àkọlé abẹ́ ẹ̀ lè máa bá fọ́tò rìn láti ọ́fíìsì kan sí èkejì. Ó ṣì wà títí dòní, àmọ́ fóònù tiwa ò fi bẹ́ẹ̀ lò ó.

1995 gan-an lọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ní Japan. Ọdún yẹn ni iléeṣẹ́ Casio gbé QV-10 jáde, kámẹ́rà díjítà tó ní sìkíríìnì lẹ́yìn téèyàn lè fi wo ohun tó yà lójú ẹsẹ̀. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, JEIDA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́kítíróníìkì ibẹ̀, tẹ ìlànà tí wọ́n pè ní Exif jáde. Wàhálà tí wọ́n ń yanjú ni pé bí kámẹ́rà kan ṣe ń tọ́jú fọ́tò, òmíì ò ní í gbọ́ ọ, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò sì mọ èwo ni kó gbọ́. Wọn ò bẹ̀rẹ̀ látorí òfo, JPEG, irú fáìlì tí wọ́n fi ń tọ́jú fọ́tò, tó di ìlànà ní 1992 ti fàyè sílẹ̀ níwájú fáìlì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ nǹkan sí i, àyè kan ò sì lè ju 64 KB lọ, ibẹ̀ ni wọ́n wọ̀, wọ́n wá to nǹkan inú ẹ̀ bí TIFF ṣe ń to tiẹ̀, irú fáìlì fọ́tò míì tí iléeṣẹ́ Aldus ṣe ní 1986, nọ́ńbà kan fún kámẹ́rà, nọ́ńbà kan fún déètì, nọ́ńbà kan fún fíláàṣì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe wà nígbà tẹ́ ẹ yà á, bóyá ó dúró ni àbí ó dùbúlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí fọ́tò tó dorí kọ ẹ̀gbẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ gbé e láti ápù kan sí òmíì, ẹni tó yọ nọ́ńbà yẹn ló fà á.

Wọ́n tún fi fọ́tò kékeré kan sínú fọ́tò ńlá, kí sìkíríìnì lè tètè gbé e jáde. Nǹkan tó dáa, àbí? Ní 2003 obìnrin kan tó ń ṣètò lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà gé fọ́tò ara ẹ̀, ó fi èyí tó gé yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó kàn jẹ́ pé fọ́tò kékeré inú ẹ̀ ò gé, odindi ló wà níbẹ̀, ohun tó gé kúrò kì í sì í ṣe ohun tó fẹ́ káyé rí.

Lokéṣọ̀n ńkọ́? Ẹ̀dà 2.1 ti Exif tó jáde ní 1998 ti ní àyè fún GPS, ìyẹn ètò sátẹ́láìtì tó ń sọ ibi tí ẹ̀rọ wà, àyè òfìfo ni o, kámẹ́rà wo ló ní GPS nígbà yẹn. GPS fúnra ẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà ń mọ̀ọ́mọ̀ da iṣẹ́ ẹ̀ rú fún ẹni tí kì í ṣe sójà, ó lè fi nǹkan bíi mítà 100 ṣìnà, àfi ìgbà tí Ààrẹ Clinton ní kí wọ́n dáwọ́ ẹ̀ dúró nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2000. Ní 2008 iPhone 3G jáde, kámẹ́rà àti GPS wà nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, fóònù Android àkọ́kọ́ náà jáde lọ́dún yẹn, bí àyè òfìfo yẹn ṣe kún nìyẹn. Kò sẹ́ni tó jókòó pinnu pé kí fọ́tò máa júwe ilé oníle, àyè ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Ẹ wò ó, Àkúrẹ́ wà ní nǹkan bíi dígírì 7 ìṣẹ́jú 15 ní àríwá, dígírì 5 ìṣẹ́jú 12 ní ìlà-oòrùn (ìṣẹ́jú yìí kì í ṣe ti aago o, ìdá ọgọ́ta dígírì ni, ìṣẹ́jú àáyá sì jẹ́ ìdá ọgọ́ta ìṣẹ́jú). Tó bá mọ síbẹ̀ kò sí wàhálà, gbogbo wa la jọ ni ìlú. Àmọ́ EXIF tún ń kọ ìṣẹ́jú àáyá sí i, ìṣẹ́jú àáyá kan láti gúúsù sí àríwá ò ju nǹkan bíi mítà 31, fóònù á tún wá pín ìyẹn wẹ́wẹ́. Níta gbangba, àṣìṣe ẹ̀ lè má ju bíi mítà 5 lọ. Géètì yín nìyẹn, kì í ṣe Àkúrẹ́ mọ́.

Ó ti bá èèyàn rí. Ní 2007, sójà Amẹ́ríkà ní Iraq ya fọ́tò hẹlikọ́pítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bárékè wọn, wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọ̀tá ka lokéṣọ̀n inú ẹ̀, wọ́n ba hẹlikọ́pítà Apache mẹ́rin jẹ́. Iléeṣẹ́ ológun wọn fúnra ẹ̀ ló ròyìn ẹ̀. Ní 2012, John McAfee tó ṣe antivirus ń sá fún ọlọ́pàá Belize, ìwé ìròyìn Vice wá gbé fọ́tò ẹ̀ jáde pé ọ̀dọ̀ ẹ̀ làwọn wà, wọn ò mọ̀ pé iPhone ti kọ ọ́ sínú pé Guatemala ni, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n mú un níbẹ̀.

Níbi tiwa, tẹ́ ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp bá a ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́, WhatsApp á fún un pọ̀, lokéṣọ̀n á sì bọ́ dànù. Facebook náà ń yọ ọ́ kúrò nínú èyí táwọn èèyàn ń rí, bó tiẹ̀ jẹ́ pé àwọn fúnra wọn lè ti kà á kí wọ́n tó yọ ọ́. Ibi táwọn èèyàn wa ti ń jìn sí kòtò ni "document", ìyẹn kí wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ lódindi fáìlì láìfún un pọ̀. Éjẹ́ńtì ilé ní Alágbàká fẹ́ kí fọ́tò ilé mọ́lẹ̀ kedere lójú kọ́sítọ́mà, ó fi ránṣẹ́ bíi document. Ọmọ FUTA fẹ́ ta láptọ́ọ̀pù ẹ̀, ó yà á lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ̀ rí. Xender àti Bluetooth náà rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì ló ń bá a lọ. Ní ayé ìjínigbé tá a wà yìí, mi ò rò pé ó yẹ kí fọ́tò jẹnẹrétọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ tà máa sọ ibi tó sùn sí.

Ẹ wọ sẹ́tíǹsì kámẹ́rà yín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Location tags tàbí Save location sí, ẹ pa á. Lórí iPhone, tẹ́ ẹ bá ti tẹ Share, Options wà lókè, ẹ pa Location níbẹ̀. Tó bá jẹ́ kánjúkánjú ni, ẹ ya sìkíríìnṣọ́ọ̀tì fọ́tò náà, GPS àtilẹ̀wá ò ní bá a lọ. Ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ọ́, kò sí ápù tó máa yọ nọ́ńbà mọ́tò àti yúnífọ́ọ̀mù ọmọ yín tó hàn ketekete nínú fọ́tò.

Àmọ́ ẹ má pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ o. Ẹni tó bá ń ya fọ́tò jẹun fẹ́ kí orúkọ òun wà nínú iṣẹ́ òun, tẹ́lẹ̀ àwọn lẹ́tà òyìnbó lásán ni Exif ń gbà dáadáa, ẹ̀dà 3.0 tó jáde ní 2023 ló fàyè gba UTF-8, ìlànà tó ń gba lẹ́tà oríṣiríṣi èdè, kí Ṣẹ́gun má di Segun mọ́. Fún irú wọn, ExifTool, ètò kọ̀ǹpútà tí Phil Harvey ń ṣe láti 2003, ló dáa jù lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Níbi tẹ́ ẹ ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ẹ kọ exiftool -gps:all= kẹ́ ẹ fi orúkọ fáìlì tẹ̀ lé e, GPS nìkan ló máa yọ, orúkọ á dúró. Ó máa tọ́jú fáìlì àtijọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú _original nídìí orúkọ ẹ̀, lokéṣọ̀n ṣì wà nínú ìyẹn, torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé odindi fódà fún kọ́sítọ́mà, ẹ kọ́kọ́ pa á rẹ́.