Bí fọ́tò ìsinsìnyí ṣe ń di ti fíìmù dúdú-àti-funfun àtijọ́

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe ni kí wọ́n pa àwọ̀ fọ́tò rẹ́ pátápátá. Àwọ̀ á lọ lóòótọ́, àmọ́ fọ́tò náà á ṣì rí ṣákálá. Ẹ wo Desaturate, àṣẹ tó ń pa àwọ̀ rẹ́ nínú Photoshop tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà: pupa fòò àti àwọ̀ ewé tó mọ́ gaara á di eérú kan náà níbẹ̀. Òdòdó pupa tó yọ láàárín ewé á wá rì mọ́ ewé.

Fíìmù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní orthochromatic láyé àtijọ́ kò rí pupa rárá, ìdí nìyẹn tí ètè pupa fi máa ń dúdú kirikiri nínú rẹ̀, tí ojú ọ̀run á sì funfun báláú. Panchromatic ló wá rí gbogbo àwọ̀. Ara wọn ni Tri-X, fíìmù tí iléeṣẹ́ Kodak ṣe ní ìwọ̀n 35mm lọ́dún 1954.

Nítorí náà, ìgbà tí àwọ̀ ṣì wà nínú fọ́tò niṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, apá yìí ló sì ṣe kókó jù. Channel Mixer inú Photoshop ló ń jẹ́ ká pinnu ohun tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan máa kó wá sínú fọ́tò dúdú-àti-funfun náà. Bí a bá fi pupa sí 80, àwọ̀ ewé sí 30, búlúù sí −10, àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ 100, ìmọ́lẹ̀ fọ́tò ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ojú ọ̀run á ṣú, ìkùukùu á yọ kedere, ara èèyàn á mọ́lẹ̀ sí i, gẹ́lẹ́ bí ìgbà tí ayàwòrán fi gíláàsì pupa bo ojú kámẹ́rà. Kí búlúù má lọ sísàlẹ̀ jù o, torí ojú ọ̀run á kún fún èérí, ìlà funfun á sì yọ létí ewé. Ẹni tó bá fẹ́ orthochromatic, kó yọ pupa kúrò.

Lẹ́yìn náà ni Curves, ìlà tí a fi ń tún ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn fọ́tò ṣe. Ìmọ́lẹ̀ kì í já lójijì lórí fíìmù, díẹ̀díẹ̀ ló ń rọlẹ̀ bó ṣe ń sún mọ́ funfun. Kí ìlà náà rọra tẹ̀ bíi lẹ́tà S.

Hóró ló kẹ́yìn, ìyẹn àwọn èérún kéékèèké tó máa ń hàn lójú fọ́tò fíìmù. Fàdákà inú fíìmù ló ń fà á, àárín eérú ló sì ti ń hàn jù, kì í ṣe inú dúdú tàbí funfun pátápátá. Ti fíìmù T-Max 100 kúnná, ti Tri-X rí gbàǹgbà. Kí a kọ́kọ́ dín fọ́tò kù sí ìwọ̀n tí a fẹ́ kí a tó fi hóró sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, hóró á yọ́ dànù. Ká sì fi 100% wò ó, torí bí a bá fún fọ́tò mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, hóró kì í hàn bó ṣe rí gan-an.