Tọ́ọ̀nù mẹ́ta tí wọ́n kọ sára forklift kì í ṣe fún gbogbo ẹrù

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ìkẹ́rùsí ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí wọ́n bá ti rí "tọ́ọ̀nù 3" lára forklift (ọkọ̀ tó ń fi irin méjì iwájú rẹ̀, ìyẹn fọ́ọ̀kì, gbé ẹrù), wọ́n gbà pé ẹrùkẹ́rù tí kò bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò gbé e. Tó bá jẹ́ àpò kajú lórí páálẹ́ẹ̀tì ni, ìgbàgbọ́ yìí lè má tètè dá wàhálà sílẹ̀: àpò 20 tó wọn kílò 80 níkọ̀ọ̀kan, kílò 1,600 péré ni. Ọ̀rọ̀ máa ń yíwọ́ nígbà tí wọ́n bá so irin gígùn oníkọ̀ọ́ mọ́ ọn láti fi sọ jẹnẹrétọ̀ kalẹ̀ látorí tírélà.

Lára ọ̀pọ̀ forklift tó tó báyìí, kílò 3,000 yẹn dúró lórí pé àárín ẹrù kò jìnnà ju mìlímítà 500 lọ sí ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì, níbi tó ti dìde dúró. Táyà iwájú ni gbogbo rẹ̀ gbára lé: ẹrù ń tẹ ẹ̀rọ síwájú, irin ńlá tó wà lẹ́yìn ń fà á padà. Bí ẹrù ṣe ń jìnnà sí táyà iwájú ló ń wúwo sí i fún ẹ̀rọ, bí a kò tilẹ̀ fi nǹkan kan kún un.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní láti àárín táyà iwájú dé ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì jẹ́ mìlímítà 480. Ẹ fi 500 kún un, ó di 980. 980 lọ́nà 3,000 jẹ́ 2,940,000. Bí ìkọ́ bá wá wà ní mìlímítà 1,500 sí ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì, tí a fi 480 kún un, 1,980 la ó fi pín in, kílò 1,484 ló sì kù. Irin àsomọ́ náà ní ìwúwo tirẹ̀: bó bá wọn kílò 150, tí àárín rẹ̀ wà ní mìlímítà 700, ó tún ti jẹ nǹkan bíi kílò 90. Ẹ̀rọ tọ́ọ̀nù 3 kò wá lè gbé kílò 1,400 mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ kò tíì gbé e lọ sókè rárá.

Bí táyà ẹ̀yìn bá wá ń gbéra nílẹ̀, ìgbà náà ni wọ́n máa ń ní kí alábàárù mẹ́ta gun ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Lóòótọ́, táyà ẹ̀yìn á balẹ̀, ìdí nìyẹn tí àṣà náà kò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwúwo wọn kò mú ṣéènì, òpó tàbí fọ́ọ̀kì lágbára sí i. Táyà ẹ̀yìn ni forklift sì fi ń yà. Bó bá fúyẹ́, ẹ̀rọ kò gbọ́ ti dẹ́rẹ́bà mọ́. Bí táyà bá kó sí kòtò nínú ọgbà, tí ọ̀kan nínú àwọn alábàárù náà bẹ́ sílẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù, kílò 70 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹrù á sì fà á ṣubú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni láti gùn ún.

Irin àsomọ́ tí wẹ́dà ṣe ládùúgbò kì í ní àkọlé agbára, mi ò sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi gbé ẹrù. Àsomọ́ tó péye gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ilé iṣẹ́ tó ṣe forklift náà, àti àkọlé tuntun lára ẹ̀rọ tó sọ iye tó lè gbé pẹ̀lú rẹ̀. Irin tí a fi ń mú fọ́ọ̀kì gùn kò gbọdọ̀ ju ìlọ́po kan àtààbọ̀ fọ́ọ̀kì lọ: mìlímítà 1,800 fún fọ́ọ̀kì 1,200. Ẹ wo ibi tí fọ́ọ̀kì ti tẹ̀ nísàlẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá nípọn ní mìlímítà 50 tẹ́lẹ̀, tó ti jẹ di 45, ẹ yọ ọ́ kúrò, nítorí agbára rẹ̀ ti dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ gbé ẹrù díẹ̀ kúrò nílẹ̀, ẹ dúró. Bí táyà ẹ̀yìn bá ń fúyẹ́, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ wá ẹ̀rọ tó jù ú lọ. Bó bá sì ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, dẹ́rẹ́bà kò gbọdọ̀ bẹ́ jáde, torí òrùlé ẹ̀rọ lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀: kó di sítẹ́rìn mú, pẹ̀lú bẹ́líìtì lára rẹ̀, kó sì fara tì sí òdìkejì ibi tó ń dà sí.